Bàálù Àtijọ́ Tí Kò Dúró Níbi Tí A Ní Kó Dúró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lugbe ni mò ń gbé níbí l'Abuja, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa Airbus nínú X-Plane, simulator tí a fi ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, nílé mi, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo ra Boeing 737-200, irú èyí tí Nigeria Airways ń lò láyé ọjọ́un, nítorí bàbá mi kì í yé sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gbéra l'Abuja, mò ń lọ sí Kano. Mo kọ ẹsẹ̀ bàtà 24,000 sí fèrèsé gíga, mo tan autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ di bàálù mú, mo ní kó máa gòkè. Ó gòkè lóòótọ́. Nígbà tó dé 24,000, iná kan tàn, nǹkan kan dún, bàálù kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó kọjá lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 26,000, eré rẹ̀ sì ń dínkù ṣáá. Mo wá kọ̀ǹpútà tí mo máa kọ ọ̀nà ìrìnàjò mi sí, mi ò rí. Ṣé èyí tí mo rà ló bàjẹ́ ni, àbí mi ò mọ̀ ọ́n lò? (Ọmọ Lugbe)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bàálù rẹ kò bàjẹ́. Ohun tí ojúlówó rẹ̀ máa ń ṣe náà nìyẹn, ẹni tó kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà kò rẹ́ ọ jẹ. Inú mi dùn gidigidi sí ìbéèrè yìí, nítorí bàálù yìí ni mo fi tọ́ ọmọ. Aago àti ohun èlò iwájú awakọ̀ ni iṣẹ́ mi. Hángà kan ní Kano la ti máa ń tú autopilot yìí sórí tábìlì, tí a ó yẹ̀ ẹ́ wò, tí a ó tún tò ó padà.

Fèrèsé tí o kọ 24,000 sí yẹn kò bá autopilot sọ̀rọ̀ rárá. Ìkìlọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá ń sún mọ́ gíga tí o yàn, iná á tàn; bí o bá kúrò lórí rẹ̀, á dún sí ọ létí. Ìwọ lo máa rọra tẹ́ imú bàálù, ìwọ náà lo máa tẹ ALT HOLD, ohun tó ń mú kí bàálù dúró sí gíga tó wà. Airbus tí o mọ̀ máa ń ka nọ́ńbà yẹn, á dúró síbẹ̀, á sì fa agbára ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ọdún 1967 ni 737-200 kọ́kọ́ fò, autopilot tó sì bá wọn jáde nígbà náà, SP-77 tí ilé iṣẹ́ Sperry ti Amẹ́ríkà ṣe, kò mọ ibi tí o ń lọ, kò sì mọ gíga tí o fẹ́. Ohun tó mọ̀ kò ju bí bàálù ṣe wà ní ìṣẹ́jú yìí lọ, àti bí o ṣe ní kó wà.

Gyro, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí kíkankíkan, ló fi ń mọ̀ ọ́n. O ti ta òkòtó rí ní kékeré: bó bá ń yí kíkankíkan, bí o tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, kò ní fẹ́ ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni gyro ṣe rí nínú àpótí rẹ̀. Bàálù lè yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí kó gbé imú sókè, òun ò ní bá a yẹ̀. Autopilot á wá ka ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, á sì ti ìyẹ́ tàbí ìrù sí ibi tó yẹ. Súíìṣì méjì ló ní, ọ̀kan fún ìyẹ́, ọ̀kan fún imú, o sì lè tan ọ̀kan láìtan èkejì. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti orí Airbus bọ̀ ni kì í kíyè sí èyí. Wọ́n á tan ọ̀kan ṣoṣo, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé bàálù ń yà láìyẹ.

Jẹ́ ká jọ fò ó láti Abuja sí Kano kí ó lè yé ọ. Ìrìn náà tó 197 máìlì ti òfuurufú, nǹkan bíi kìlómítà 365, ojú ọ̀nà rẹ sì kọ sí nǹkan bíi 022, ìyẹn àríwá tó fì díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Nítorí ìdí èyí, fi 24,000 sílẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí apá ìlà-oòrùn máa ń gba gíga aláìdọ́gba, 23,000 tàbí 25,000. Ẹni tó ń bọ̀ láti Kano ló ni 22,000 àti 24,000. Mú 23,000.

Pápá Abuja ga ju òkun lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 1,123, nítorí náà bí o bá ti fi agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní QNH sí aago gíga rẹ, nǹkan bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ nígbà tí o ṣì wà nílẹ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn tí o bá ti gbéra. Má ṣe tan autopilot kí aago tó kọjá 2,200, kí o tó gbé táyà wọlé, kí bàálù sì tó fara balẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Kó tó dìgbà náà, tan yaw damper, ohun tí kì í jẹ́ kí ìrù bàálù máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Súíìṣì tirẹ̀ wà lókè orí awakọ̀.

Ọ̀rọ̀ trim, ohun tí a fi ń mú kí imú bàálù dúró láìfi ipá dì í, wá kù, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ dáadáa. Kẹ̀kẹ́ ńlá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún àwọn awakọ̀. Yí i títí o fi lè tú ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá ìwakọ̀ tí bàálù kò ní gbé imú sókè, tí kò sì ní tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o tan autopilot. Bí o bá tàn án nígbà tí o ṣì ń fi ipá fa ọ̀pá mọ́ra, àárín òfuurufú ni bàálù máa ta gìrì. Nínú simulator, o kàn máa rí i lójú fèrèsé ni. Nínú ojúlówó, tíì àwọn èrò á ti dà sí wọn lára.

Heading, ìyẹn ibi tí imú bàálù kọ sí, ńkọ́? Kí o tó yí súíìṣì sí HDG SEL, ipò tí autopilot ti ń tẹ̀lé heading tí o yàn, kọ́kọ́ fi àmì tó wà lára aago heading sí ibi tí imú bàálù kọ sí. SP-77 kì í bi ọ́ bóyá o ti ṣetán. Bí àmì yẹn bá wà ní gúúsù látìgbà tí o ti fò kẹ́yìn, gúúsù ló máa forí lé lójú ẹsẹ̀.

Gígòkè ló ṣòro jù, ibẹ̀ náà sì ni eré rẹ ti ń dínkù. Bàálù yìí kò ní ohun tó ń ti throttle, ọ̀pá agbára ẹ́ńjìnnì, fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì, JT8D ti Pratt & Whitney, ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà láti Abuja títí dé Kano. Bí o ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì sì ń rẹlẹ̀. Bí o bá ti ní kí bàálù máa gun ẹsẹ̀ bàtà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, autopilot á di ìyẹn mú pẹ̀lú òótọ́ inú. Bí agbára bá ṣe ń dín ni yóò máa gbé imú sí i kí ó lè pa àṣẹ rẹ mọ́, títí eré á fi tán, tí ọ̀pá ìwakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n láti kìlọ̀ pé bàálù fẹ́ ṣubú. O sún mọ́ ọn ní 26,000 yẹn. Nítorí náà, eré ni kí o máa wò nígbà tí o bá ń gòkè. Má ju 250 knots (máìlì ti òfuurufú ní wákàtí kan) lọ títí o fi kọjá 10,000, lẹ́yìn náà jẹ́ kó dé 280. Bí eré bá fẹ́ dínkù, fi kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lórí autopilot tẹ imú sílẹ̀ díẹ̀. Bó bá fẹ́ pọ̀ jù, gbé e sókè díẹ̀. Ìka kan ni wàá fi máa ṣe é, láìdáwọ́ dúró. Bí o bá gbéra l'Abuja lọ́sàn-án oṣù kẹta, nígbà tí ooru ti sún mọ́ 40, wàá rí i pé bàálù náà lọ́ra ju ti òwúrọ̀ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í ki. Simulator tó dára máa ń fi èyí hàn bí o bá jẹ́ kó lo ojú ọjọ́ gidi.

Bó bá ku ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kí o dé 23,000, tẹ imú sílẹ̀ títí aago gígòkè á fi máa ka nǹkan bíi 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ku 500, jẹ́ kó ka 500. Bí abẹ́rẹ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí òdo, tẹ ALT HOLD. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí bàálù ṣì ń fò sókè fáú, á kọjá gíga náà, á sì fi ìjà padà wá. Lẹ́yìn tó bá ti dúró, eré á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀: fa throttle sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ fà á.

Kọ̀ǹpútà tí o ń wá kò sí. Rédíò VOR ni wọ́n ń tẹ̀lé nígbà náà, ìyẹn ilé ìṣọ́ kan nílẹ̀ tó ń fọ́n àmì sí gbogbo igun. Fi rédíò kìíní sí VOR Kano, frequency rẹ̀ wà lórí àwòrán ilẹ̀ X-Plane. Yan ọ̀nà tó wọ Kano, kí o sì gbé autopilot sí VOR/LOC kí ó máa tẹ̀lé ọ̀nà náà. Fi rédíò kejì sí ti Kaduna. Bí o ṣe ń lọ, abẹ́rẹ́ Kaduna á máa yí sí òsì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá kọ sí òsì rẹ gbọnrangandan, o mọ̀ pé o ti dé ọ̀gangan Kaduna, ó jìnnà sí ọ lápá ìwọ̀-oòrùn. Mo fẹ́ràn ìwọ̀nyí dé góńgó. Ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ méjì wá ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ Hausa á mọ ibi tí Zaria wà sí Kano láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàwòrán fún un. Àwọn kan máa ń ki GPS ìgbàlódé bọ inú 737-200 lórí simulator. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ohun tó dùn jù nínú rẹ̀ kúrò.

Ohun kan ṣoṣo ni kí o ṣọ́ra fún: bí o bá ń kọjá lórí ilé ìṣọ́ VOR fúnra rẹ̀, àmì kì í dúró, abẹ́rẹ́ á máa jó, autopilot á sì fẹ́ máa lé e kiri. Kí o tó débẹ̀, padà sí HDG SEL, kí o di heading rẹ mú títí wàá fi kọjá.

Sísọ̀kalẹ̀ jẹ́ ìṣirò orí. Ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan fẹ́ máìlì mẹ́ta. Láti 23,000 sí 3,500 jẹ́ 19,500, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 máìlì. Fi mẹ́wàá sí i kí o lè ráyè dín eré kù. Nítorí náà, nígbà tí DME, aago tó ń ka máìlì tó kù, bá ka 70 sí Kano, bẹ̀rẹ̀. Mélòó ní ìṣẹ́jú kan? Fi márùn-ún ṣe ìlọ́po eré rẹ lórí ilẹ̀. Bí o bá ń sáré 400, sọ̀kalẹ̀ ní 2,000. Bí eré bá ṣe ń dínkù, dín ìyẹn náà kù.

Ní Kano, bí ọyẹ́ bá mú tí eruku Sahara bo ojú ọ̀run, ILS, rédíò tó ń darí bàálù wá sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, ni wàá gbára lé. Kí o tó dé, rọra yà sí òsì kí o lè bọ́ sí apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn pápá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní runway 06. Wá sórí ìlà ààrin pẹ̀lú VOR/LOC, ó kéré tán ní máìlì mẹ́wàá sí pápá, ní 3,500, pẹ̀lú ALT HOLD. Ilẹ̀ Kano ga ní 1,562, nítorí náà o ṣì ga ju ilẹ̀ lọ ní bíi 1,900. Glide slope, ìlà tó ń tọ́ ọ sílẹ̀, á wá bá ọ láti òkè nígbà tó bá ku nǹkan bíi máìlì mẹ́fà. Rí i dájú pé o wà lábẹ́ rẹ̀. Bí o bá wà lókè rẹ̀, autopilot àtijọ́ yìí kì í wá a kàn fúnra rẹ̀. Á di gíga mú lọ ni, á sì gbé ọ kọjá lórí Kano. Wọ́n ṣe ipò kan sí ara kókó tí a fi ń yan iṣẹ́ autopilot, tí o lè fi fipá mú un mọ́ ìlà náà, ṣùgbọ́n ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá wà láàárín gan-an ni kí o lò ó.

SP-77 kò lè bá ọ balẹ̀. Bí o bá ti rí ojú ọ̀nà, pa á kí o tó dé 200 ẹsẹ̀ bàtà lókè ilẹ̀, kí o fọwọ́ ara rẹ gbé bàálù sílẹ̀. Bí o kò bá rí ojú ọ̀nà, throttle lọ síwájú, imú lọ sókè, kí o máa lọ sí Kaduna. Pápá náà tó bàálù rẹ gbà: lọ́dún 2017, nígbà tí wọ́n ń tún ojú ọ̀nà Abuja ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Kaduna ni wọ́n kó àwọn bàálù Abuja lọ.

Kí bàbá rẹ jókòó tì ọ́ nígbà tí o bá tún fẹ́ fò ó. Wọ́n á dá ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Sabon Gari ní Kano ni mo wà. Ọmọ mi ọkùnrin, SS2, kò ní iṣẹ́ méjì ju simulator lọ, ó ní òun máa di awakọ̀ bàálù. Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ló ń wa bàálù báyìí, awakọ̀ kàn ń jókòó ni, kí ọmọ lọ kọ́ nǹkan mìíràn. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá Olùfò)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ bá mi kí bàbá wọn, kí ẹ sì fi sùúrù sọ fún wọn pé ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1914, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Lawrence Sperry, ń fò lórí odò Seine lẹ́bàá Paris lójú àwọn adájọ́ ìdíje. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo ayé lè rí i pé òun kò di nǹkan kan mú. Mẹkáníìkì rẹ̀, Emil Cachin, sì ń rìn jáde lórí ìyẹ́, bàálù kò fì. Gyro ló di bàálù náà mú. Láti ìgbà náà wá ni autopilot ti wà, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù tó ń gbé èrò káàkiri ní kí awakọ̀ wọn dúró sílé.

Ìdí ni pé dídi bàálù mú kò tó. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ìkúukùu òjò bá dìde níwájú Kano, ta ló máa sọ pé ká yà sí ọ̀tún tàbí òsì? Ta ló máa ṣírò bóyá epo tó wà nínú ìyẹ́ tó láti dúró lókè títí ìjì á fi kọjá, àbí ká padà? Ẹ̀rọ kì í dáhùn èyí. Ẹ ka ìdáhùn tí mo fún Ọmọ Lugbe lókè, ẹ ó rí i pé pẹ̀lú autopilot títàn, ọwọ́ ọmọ náà kò sinmi láti ìgbéra dé ìbalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ fi ìṣírò àti físíìsì dè é. Wákàtí tó ń lò nílé kò sí nínú èyí tí wọ́n máa kà fún un nígbà tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ. Àǹfààní tó máa rí ni pé ojú rẹ̀ á ti mọ aago, kò sì ní bẹ̀rù ìṣirò sísọ̀kalẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún iṣẹ́ òfuurufú wà ní Zaria, kò jìnnà sí yín, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1964. Ẹ mú un lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó fojú ara rẹ̀ rí i, kó béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé. Ẹ sì yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọ̀ dókítà nísinsìnyí; wọ́n máa ń yẹ ara awakọ̀ wò dáadáa, ó sàn kí ẹ mọ̀ ní kùtùkùtù. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni kó pa kọ̀ǹpútà. Ìyẹn lọ́wọ́ yín ló wà, mi ò ní bá a bẹ̀bẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Gwagwalada. Mi ò ní joystick, ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí bàálù lórí kọ̀ǹpútà; eku kọ̀ǹpútà ni mò ń lò, iná sì máa ń lọ nígbà tí mo bá wà lókè. Ṣé mo lè fo bàálù àtijọ́ báyìí? (Alágídí)

ÌDÁHÙN: O lè fò ó. Lókè, bàálù àtijọ́ tilẹ̀ rọrùn fún eku, nítorí kẹ̀kẹ́ kékeré autopilot àti kókó ìyà-sọ́tùn-yà-sósì rẹ̀ ni o máa ń yí, eku sì mọ yíyí dáadáa. Ìgbéra àti ìbalẹ̀ ló máa dà ọ́ láàmú. Tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, kí o wá àlòkù joystick ní Banex tàbí Emab ní Wuse 2, kí o sì dán an wò lójú wọn kí o tó sanwó: yí i lọ sí gbogbo igun, jọ̀wọ́ rẹ̀, wò ó bóyá ó padà sí àárín. Èyí tí kò bá padà sí àárín á máa fa bàálù rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà gbogbo tí o bá pa autopilot.

Ní ti iná, bí o bá ti tẹ ALT HOLD, tí gbogbo nǹkan dákẹ́, fi ìrìnàjò náà pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Tún fi pamọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, tí o ṣí i padà, má kàn gbà pé autopilot ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wo súíìṣì méjèèjì, wo trim, wo ibi tí àmì heading wà, kí o tó ju eku sílẹ̀.